Ọwọ́ Tó Wọ Ìdí Òkìtì Ọkà: Ẹ̀kọ́ lórí Ààbò Owó Wa ní Ọjà Ìpín

  

Ẹ̀kọ́ wa ti àsìkò yìí dá lórí owó. A kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń rí i, nítorí ẹni tó kúrò nílé wá sí ìlú onílùú ti mọ iṣẹ́ ṣe. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tí oníjìbìtì kò fi ní gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ wa ni kò ní ilẹ̀ bàbá níhìn-ín. Owó tí a fi pamọ́ ni ilé wa, òun náà ni oko wa. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, ọmọ á kúrò ní ilé-ìwé, àgbà á sì padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

1. Ìtàn òkìtì ọkà

Láti ilé-kéú ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ìtàn yìí. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń kọjá lọ nínú ọjà, ó sì dé ibi òkìtì oúnjẹ kan. Òkè rẹ̀ gbẹ, ó dára lójú. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì tutù. Ó bi ọlọ́jà léèrè, ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì wá bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù náà sókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Ó sì jẹ́ kó yé e pé ẹni tó bá ń tan èèyàn jẹ kò sí lára wa.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, kò sẹ́ni tó ní kí ọkùnrin náà má ta ọkà tí òjò pa. Bí ó bá fi í hàn, ẹni tó bá fẹ́ á rà á ní iye tó tọ́ sí i. Fífi í pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Èkejì, àwọn tó ń rajà kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nítorí tiwọn. Gbogbo òfin tí ìjọba ń ṣe lórí ọjà ìpín, orí nǹkan méjì yìí ló dúró lé: kí ọlọ́jà sọ òótọ́, kí ẹnì kan sì wà tí yóò máa ti ọwọ́ bọ ìdí òkìtì.

2. Ọjà tí ọwọ́ olùrà kò lè wọ̀

Bí a bá fẹ́ ra ẹ̀wà tàbí gyero ní ọjà ìhín, a mọ ohun tí à ń ṣe. A ó wo mudu tàbí kóńgò náà bóyá wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. A ó mú hóró kan jẹ wò. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá rẹ́ wa jẹ, ọ̀la a ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìpín, tí àwọn kan ń pè ní ṣíà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra ìpín ilé-iṣẹ́ ti ra díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá jèrè, yóò gba tirẹ̀ nínú èrè. Bí ó bá pàdánù, yóò jẹ nínú àdánù. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ náà lè wà ní Èkó, kí olùrà wà ní Jos. Kò rí ẹ̀rọ wọn, kò rí gbèsè wọn, kò sì mọ ohun tí àwọn ọ̀gá ń sọ nínú yàrá ìpàdé. Ìwé nìkan ló rí. Bí ìwé náà bá parọ́, ojú tirẹ̀ kò lè tú u.

Ìdí nìyẹn tí ọjà yìí fi nílò olùtọ́jú ju ọjà ẹ̀wà lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá kúrò, onílé á kó owó rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ilé-iṣẹ́ tó nílò owó láti ra ẹ̀rọ kò ní rí i, ọmọ wa tó jáde ní yunifásítì náà kò sì ní rí iṣẹ́.

3. Ta ni Pàràkòyí ọjà yìí?

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́, àwọn Pàràkòyí ni olóyè lórí ọ̀rọ̀ òwò. Àwọn ló ń mójú tó ọjà, tí wọ́n sì ń parí ìjà àwọn oníṣòwò. Àwa mùsùlùmí náà mú oyè yìí wọ mọ́ṣáláṣí, kò sì ṣàjèjì sí wa.

Ọjà ìpín ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1960, títà àti rírà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Ní 1977 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó ní ẹ̀ka ní Kaduna ní 1978, ó sì dé Kano ní 1989. Láti 2021, NGX ni orúkọ tó ń jẹ́.

Pàràkòyí ọjà náà ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí SEC. Ìgbìmọ̀ kékeré kan lábẹ́ Báńkì Àpapọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ó di àjọ lábẹ́ òfin ní 1973, òfin 1979 ló sì sọ ọ́ di SEC. Òfin tó fún un lágbára ti yí padà ní 1999 àti 2007. Èyí tó wà lóde báyìí ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún ló kàn wá jù:

(a) Alágbàtà tàbí ilé-iṣẹ́ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC kò gbọdọ̀ gba owó aráàlú láti bá wọn fi dókòwò.

(b) Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta ìpín fún gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ kọ ìwé àlàyé, kí ó sọ gbèsè rẹ̀, ẹjọ́ tó ń jẹ́, àti ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe. SEC yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde.

(d) Ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà gbọ́dọ̀ máa gbé ìṣirò owó rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rí, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta àti lọ́dọọdún. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ Cadbury Nigeria kéde pé wọ́n ti bu èrè tí kò sí kún ìwé ìṣirò òun fún ọdún mélòó kan. Ní 2008 SEC bu owó ìtanràn lé e, ó fòfin de àwọn ọ̀gá tọ́rọ̀ kàn, kò sì yọ àwọn tó yẹ ìwé náà wò sílẹ̀.

(e) Ẹni tó mọ àṣírí ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sáré rà tàbí tà kí aráyé tó gbọ́. Bí dókítà ilé-iṣẹ́ bá mọ̀ pé àrùn ti wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ ta tirẹ̀ fún opó tí kò mọ nǹkan kan.

(ẹ) Ìpín oníkálukú gbọ́dọ̀ wà ní orúkọ rẹ̀. Láti 1997 ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CSCS ti ń fi ẹ̀rọ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpín. Àwa tí a ti rí iná àti rògbòdìyàn ní ìdálẹ̀ mọ ìtumọ̀ èyí: ìwé inú àpótí lè jóná, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ CSCS kò bá ilé jó.

Bí ìjà bá sì dé láàárín olówó àti alágbàtà, ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan wà fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní IST.

4. Ìgbà tí ọwọ́ pẹ́ kó tó wọ ìdí òkìtì

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ á rántí ìgbà tí gbogbo èèyàn ń ra ìpín báńkì. Ní 2004, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí. Iye báńkì dín kù láti 89 sí 25. Wọ́n ta ìpín lótùn-ún lósì. Tíṣà rà, oníṣòwò rà, àwọn kan ta ilẹ̀ rà.

Ní 5 March 2008, òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọjà ṣe ń lọ dé 66,371. Kò ju ọdún kan lọ tó fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20,000. Ẹni tí ìpín rẹ̀ ń bá ọjà náà rìn tó ní ₦100 wá rí bíi ₦30 lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú rú lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ọkà tútù wà nísàlẹ̀ òkìtì tiwa náà. Àwọn báńkì ti yá àwọn èèyàn lówó gọbọi láti fi ra ìpín, àwọn mìíràn tilẹ̀ yáni lówó láti ra ìpín báńkì náà fúnra rẹ̀. Owó tó ń gbé iye ìpín ga, owó gbèsè ni. Nígbà tí iye wálẹ̀, gbèsè kò wálẹ̀.

Ní August 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá àgbà báńkì 5, ó tún yọ 3 ní October, ó sì fi bílíọ̀nù 620 náírà gbé àwọn báńkì náà ró. Ní 2010 wọ́n dá AMCON sílẹ̀ láti ra gbèsè burúkú lọ́wọ́ báńkì. Ní August ọdún náà, SEC yọ àwọn tó wà lókè ọjà ìpín fúnra rẹ̀. Ọwọ́ wọ ìdí òkìtì, àmọ́ ó pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́.

Ọdún 2023 ni òdiwọ̀n náà tó padà kọjá ibi tó wà ní March 2008. Ọdún 15 gbáko. Ẹni tó wà ní ẹni 50 ọdún nígbà náà ti di ẹni 65, náírà tó sì rí gbà padà kò ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ilé fi búra pé àwọn kò ní ra ìpín mọ́. Ilé ìgbẹ́kẹ̀lé kì í pẹ́ wó, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí a tó tún un kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn o. Ní March 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún pàṣẹ kí àwọn báńkì fi kún owó ìdúró wọn, ó sì fi òpin rẹ̀ sí 31 March 2026. Báńkì tún tọ aráàlú wá pẹ̀lú ìpín títà. Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni: owó ta ni mo fẹ́ fi rà á? Bí ó bá jẹ́ owó tí a yá, ẹ jẹ́ ká rántí 2008.

5. Àdánù òwò yàtọ̀ sí olè

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. SEC kò ṣèlérí èrè fún ẹnikẹ́ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá sọ òótọ́, tí a rà, tí òwò kò sì gbè, àdánù òwò nìyẹn. Kò sí ẹni tó jí wa lówó. Owó tó wà nínú àkáǹtì báńkì ni NDIC ń dáàbò bò, títí dé mílíọ̀nù 5 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú báńkì ńlá kan láti 2024. Ìpín kò sí lára rẹ̀. Pàràkòyí kò lè ní kí ọjà tà fún ìyá kan. Ohun tó lè ṣe ni kí ó rí i pé kóńgò pé.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọwọ́ Pàràkòyí kì í tètè dé: ọjà tí wọ́n ń ná lókùnkùn.

6. Ọjà tí kò ní Pàràkòyí

Ní 1920, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Ponzi ṣèlérí èrè ìdá 50 nínú 100 láàárín ọjọ́ 45. Owó ẹni tó dé lónìí ló fi ń san fún ẹni tó dé lánàá. Nígbà tí ẹni tuntun kò wá mọ́, ó parí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ dòní.

Tiwa dé pẹ̀lú MMM, tó ṣèlérí ìdá 30 lóṣù kan. Ní December 2016 ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn. NDIC sọ pé bíi mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. A rò pé a ti kọ́gbọ́n. Ní April 2025, CBEX náà wó. Èrè ìdá 100 láàárín ọjọ́ 30 ni wọ́n ń polówó. Inú bí àwọn èèyàn débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n ń kó àga àti tábìlì. SEC ní kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí ₦100,000 bá ń bí ìdá 30 lóṣooṣù, tí a kò sì yọ nínú rẹ̀, lọ́dún kan yóò ti lé ní ₦2,300,000. Bí ó bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, lọ́dún kan yóò di ₦409,600,000. Òwò wo ni, ìbáà ṣe ti obì, ti aṣọ, ti epo rọ̀bì, ló ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá láìdáwọ́ dúró? Ẹni tó bá ní irú òwò yìí kò ní máa wá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tiwa.

Ṣé nítorí pé a kò gbọ́n ni wọ́n ṣe ń mú wa? Rárá. Ìgbẹ́kẹ̀lé ara wa ni wọ́n ń gbà wọlé. Àwa ará ìdálẹ̀ ti ń dá àjọ àti èsúsú, a sì mọ ojú ẹni tó ń kó o. Ọmọ ẹgbẹ́ kì í sá. Oníjìbìtì mọ èyí. Yóò kọ́kọ́ san fún ẹnì kan nínú àsàlátù, ẹni náà yóò sì di oníwàásù rẹ̀ láìmọ̀. Kò parọ́ fún wa, òótọ́ ni wọ́n san fún un. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n san fún un, owó tiwa ni. Àwọn àgbà ní ọ̀kánjúà pẹ̀lú olè, ọgbọọgba ni wọ́n jẹ́.

Òfin 2025 ti sọ irú ètò yìí di ẹ̀ṣẹ̀ ní tààrà. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n ọdún 10 tàbí owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí méjèèjì. Òfin náà tún mú owó orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní crypto wá sábẹ́ àṣẹ SEC. Ó dára. Àmọ́ òfin lè fi olè sẹ́wọ̀n kí owó má padà wálé. Kí a tó san owó ni ààbò wà.

7. Ohun tí a ó máa ṣe

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi owó sílẹ̀, kí ó ṣe nǹkan mẹ́rin yìí:

(i) Béèrè orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, kí o sì lọ wò ó fúnra rẹ lórí ìkànnì SEC lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé tí wọ́n fi ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC kì í ṣe àṣẹ láti gba owó aráàlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹni tí kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, kí ó pe ọmọ rẹ̀.

(ii) Béèrè òwò tí wọ́n ń ṣe. Bí wọn kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ kí ó yé ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, má san.

(iii) Má san owó sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Àkáǹtì tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kí o san án sí, kí o sì gba ìwé. Súúrà Baqarah, àyájọ́ 282, ti pa á láṣẹ kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Kì í ṣe àìfọkàntánni.

(iv) Bí wọ́n bá ní “ṣe é lónìí, ọ̀la ti pẹ́ jù,” padà sílé lọ sùn.

8. Owó tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀

Apá kan tún kù tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọ̀pọ̀ àgbà ra ìpín nígbà àtijọ́, wọ́n ti ìwé rẹ̀ bọ àpótí, wọ́n sì kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn kó kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn, ìwé èrè ìpín wọn ń lọ sí àpótí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. SEC ti sọ pé èrè ìpín tí olówó kò wá gbà ti ju bílíọ̀nù 200 náírà lọ káàkiri Nàìjíríà.

Ẹ yẹ àpótí wò. Ẹni tó bá wà láàyè, kí ó gba fọ́ọ̀mù tí èrè ìpín fi ń wọ àkáǹtì báńkì tààrà, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú BVN rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú, kí àwọn ajogún gba ìwé àṣẹ ìpín ogún ní ilé-ẹjọ́, kí wọ́n sì mú un lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn onípìn-ín. Ogún opó àti ọmọ òrukàn ni. Bí a bá jẹ́ kó ṣòfò nítorí ọ̀lẹ, a ó dáhùn rẹ̀.

9. Fún ẹni tó ń sá fún èlé

Àwọn kan bi wá pé ṣé mùsùlùmí lè wọ ọjà yìí. Àwọn ààfáà wa ni yóò sọ ti fàtúwà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà lábẹ́ àṣẹ SEC. Láti 2012 ni òdiwọ̀n kan ti wà lórí ọjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí òwò wọn bá Ṣẹríà mu. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ta sukuk bílíọ̀nù 10 náírà ní 2013. Ní September 2017, ìjọba àpapọ̀ ta ti bílíọ̀nù 100 fún ọdún 7, láti fi ṣe ọ̀nà. Owó yíyá lò, bí ti ilé tí a háyà, ni wọ́n ń san fún onípìn-ín, ìdá 16.47 nínú 100 lọ́dún. Ní 2024 wọ́n san owó náà padà. Ẹ fi ìdá 16.47 lọ́dún wé ìdá 30 lóṣù, ẹ ó rí ìyàtọ̀ òwò àti jìbìtì.

Ẹ kíyè sára o: orúkọ “halal” tàbí “sukuk” kò fi owó pamọ́ fúnra rẹ̀. Oníjìbìtì náà mọ béèyàn ṣe ń kírun. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wọ ìdí òkìtì tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ilé àti ní ìpàdé

1. Kí ló dé tí wọ́n fi bá ọlọ́jà wí nínú ìtàn òkìtì ọkà, nígbà tó jẹ́ pé òjò ló pa ọjà rẹ̀?
2. Bí ìpín wa bá wálẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá àdánù òwò ni tàbí jìbìtì?
3. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá mú ètò owó tuntun wá sí ìpàdé, tí wọ́n sì ti san fún òun alára, kí ni kí alága béèrè?
4. Ta ló mọ ibi tí ìwé ìpín bàbá tàbí ìyá wa wà?

Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti kó sí irú ọ̀fìn yìí rí, kí ó má fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó bá sọ ìtàn tirẹ̀ ní ìpàdé ti ti ọwọ́ bọ ìdí òkìtì fún ọmọ ẹlòmíràn. Kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí ìwọ̀nba tí a ní, kí ó sì fi ìṣọ́ rẹ̀ ṣọ́ ọ. Àmín.